Ìjíṣẹ́ Láti Ayé Dé Máàsì

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ìlú wa sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́



Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìgbàlódé. Mo yan ọ̀rọ̀ kan tí ó lè dà bí ẹni pé ó jìnnà sí wa: bí a ti ń ránṣẹ́ láti ayé yìí lọ sí Máàsì àti kọjá Máàsì, àti bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń tún àṣà íntánẹ́ẹ̀tì ṣe kí ó lè bá iṣẹ́ náà mu. Mo mọ̀ pé ẹni tí ó ń wá owó ajílẹ̀ lè bi mí pé kí ni ti Máàsì nínú ọ̀rọ̀ iṣu àti àgbàdo. Ẹ ní sùúrù fún mi. Wàhálà tí àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyẹn bá pàdé ní òfuurufú, ọmọ ìyá ni òun àti wàhálà tí ń mú àwọn ọmọ wa gun orí àpáta lọ máa na fóònù sókè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní íntánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ó wà ní ibì kan. Àwọn kọ̀ǹpútà tí kò lóǹkà ni, tí wọ́n gbà láti máa fi àṣà kan náà jíṣẹ́ fún ara wọn. Àṣà náà ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí wáyà àti òpó lè yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Vinton Cerf àti Robert Kahn, ni wọ́n kọ ìwé tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1974. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, ARPANET, èyí tí í ṣe ìyá íntánẹ́ẹ̀tì, pa àṣà àtijọ́ rẹ̀ tì, ó sì gba ti wọn. TCP/IP ni wọ́n ń pè é. IP ni ó ń kọ àdírẹ́sì sára ẹrù. TCP ni ó ń rí i pé ẹrù náà pé nígbà tí ó bá dé.

Ẹ wo bí TCP ti ń ṣe é. Bí kọ̀ǹpútà kan ní Èkó bá fẹ́ bá òmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ kí i pé, “Ǹjẹ́ o wà níbẹ̀?” Ti Lọ́ńdọ̀nù yóò dáhùn pé, “Mo wà, ìwọ náà ńkọ́?” Ti Èkó yóò sì wí pé, “Èmi náà rèé, ó yá.” Lẹ́yìn ìkíni yìí ni yóò tó gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, tí yóò kọ nọ́ńbà sí ara ègé kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa fi wọ́n ránṣẹ́. Bí wọ́n ti ń dé ni ẹni tí ó gbà wọ́n ń dáhùn pé ọwọ́ mi tẹ ìkínní, ọwọ́ mi tẹ ìkejì. Bí èsì bá pẹ́, ẹni tí ó fi ránṣẹ́ yóò gbà pé ègé náà ti sọnù, yóò sì tún un fi ránṣẹ́. Bí kò bá gbọ́ èsì rárá, yóò jáwọ́. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ kí a tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, àwa tí a di fóònù mú kì í sì í mọ̀ pé ìkíni kankan wáyé.

Àṣà yìí dára púpọ̀ fún aládùúgbò. Ó dà bí ìyáálé méjì tí wọ́n dúró sí ìhà méjì ọgbà kan tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ: bí ọ̀kan kò bá gbọ́, yóò ní, “Kí lo wí?” èkejì yóò sì tún un sọ. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí ó ti gbà bẹ́ẹ̀ láìsọ ọ́ jáde: pé ẹnì kejì wà nítòsí; pé ọ̀nà ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ìṣẹ́jú náà gan-an; àti pé bí ẹnì kejì bá dákẹ́, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó jẹ́ òtítọ́ ní òfuurufú.

Kò sí ohun tí ó yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ìgbì rédíò sì ń bá a sáré dọ́gba: nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ayé dé òṣùpá, ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀ ni fún un. Ṣùgbọ́n Máàsì kì í dúró sójú kan. Nígbà tí ó bá sún mọ́ wa jù, ọ̀rọ̀ wa yóò rìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ó tó débẹ̀. Nígbà tí ó bá jìnnà jù, yóò rìn fún bí ìṣẹ́jú 22. Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà ayé béèrè pé, “Ǹjẹ́ o wà níbẹ̀?” kí ó sì gbọ́ èsì, ó lè gba ìṣẹ́jú 44, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò sì tíì jáde nínú iṣẹ́ tí a fẹ́ jẹ́ gan-an. TCP kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Yóò ti jáwọ́ kí èsì tó dé agbede méjì ọ̀nà. Ti Voyager 1, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ ní ọdún 1977 tí ó ṣì ń lọ títí di òní, tún ju èyí lọ. Ó lé ní wákàtí 23 kí ọ̀rọ̀ wa tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iye kan náà sì ni èsì rẹ̀ yóò fi rìn padà.

Ìjìnnà nìkan kọ́. Máàsì ń yí bí ayé ti ń yí, nítorí náà ẹ̀rọ tí ó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ yóò kọ ẹ̀yìn sí wa fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́. Àwa pẹ̀lú ń yí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àjọ NASA fi kọ́ àwọn àwo irin ràgàjì sí ibi mẹ́ta tí ó jìnnà síra, ní California, ní ẹ̀bá Madrid ní Spéènì, àti ní ẹ̀bá Canberra ní Ọsirélíà, kí ọ̀kan nínú wọn lè máa wo ọkọ̀ nígbà gbogbo. Èyí tí ó tóbi jù ní ibi kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 70 mítà láti etí kan dé èkejì. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún méjì méjì, oòrùn a máa bọ́ sí àárín àwa àti Máàsì, àwọn tí ń darí ẹ̀rọ ibẹ̀ a sì dáwọ́ àṣẹ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ariwo oòrùn má baà ba ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ lójú ọ̀nà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àlejò ni orílẹ̀-èdè wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Kano rí lè ti gbọ́ pé ibùdó kan wà ní ẹ̀bá ìlú náà nígbà tí John Glenn yí ayé ká lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1962. Ibùdó Kano wà lára àwọn tí ń bá a sọ̀rọ̀ bí ó ti ń kọjá lókè Áfíríkà. Bí ó bá fi Kano sílẹ̀, Zanzibar ni ó ń gbà á. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ṣe gbé e yí ayé ká. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Olórí Ìjọba wa, Sir Abubakar Tafawa Balewa, wọ inú ọkọ̀ ojú omi Kingsport ní èbúté Èkó, ó sì bá Ààrẹ Kennedy ní Washington sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Syncom 2. Kò tíì sí olórí ìjọba méjì tí wọ́n ti ipa sátẹ́láìtì bá ara wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Sátẹ́láìtì náà ga tó 36,000 kìlómítà, nítorí náà ohùn kọ̀ọ̀kan ń pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà, bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn méjèèjì fara dà á. Bí Kennedy bá wà ní Máàsì ni, Balewa ì bá jẹun tán kí èsì tó dé.

Kí ni àwọn ọ̀mọ̀wé wá ṣe? Ní ọdún 1998, Vinton Cerf kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan bá àwọn ènìyàn kan jókòó ní ilé iṣẹ́ NASA tí ó wà ní Pasadena ní California, Adrian Hooke sì wà lára wọn. Wọ́n fẹ́ mọ irú íntánẹ́ẹ̀tì tí ó lè so pílánẹ́ẹ̀tì pọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé nína sùúrù TCP gùn kò lè tán ọ̀rọ̀ náà. Àṣà ìtàkúrọ̀sọ ni kò bá ibẹ̀ mu. Wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ àṣà mìíràn, èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí gbogbo àwọn àṣà tí ó ti wà. Ìdì ẹrù ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀, a sì kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2007, a tún un kọ ní ọdún 2022.

Ẹ̀yin àgbà, èmi kò ní nílò láti ṣe àlàyé púpọ̀ fún yín, nítorí ẹ mọ àṣà náà. Ẹ rántí bí a ti ń ránṣẹ́ sí oko kí fóònù tó dé. Bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní oko ọ̀nà jíjìn kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà kí ó máa pariwo pé, “Ǹjẹ́ o wà níbẹ̀?” Yóò ro gbogbo ohun tí ọmọ náà nílò, yóò di í pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ìwé, owó, oògùn, àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Yóò sọ orúkọ ẹni tí ó ni ín. Yóò fi lé ẹni tí ń lọ sí ọjà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ́wọ́. Bí ẹni náà bá dé ọjà tí kò bá èrò oko níbẹ̀, kò ní da ẹrù náà nù, kò sì ní gbé e padà wá sílé kí ó ní ọ̀nà ti dí. Yóò fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ olórí tí ń ta òrí, ẹni yẹn yóò sì fi í sí ìdí igbá rẹ̀ títí di ọjọ́ ọjà tí ó ń bọ̀. Bí èrò oko bá dé, yóò gbà á. Kò sí ìgbà kankan tí ọ̀nà ṣí láti ilé bàbá dé oko ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà jẹ́.

Bí ìdì ẹrù ti òfuurufú ti ń rìn gan-an nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tí ó wà lójú ọ̀nà ní àká tirẹ̀. Bí ọ̀nà iwájú bá dí, yóò kó ìdì pamọ́ sínú àká, yóò dúró. Dídákẹ́ ẹnì kejì kò tún túmọ̀ sí pé nǹkan bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó. A sì ń kọ ọjọ́ ìparí sí ara ìdì kọ̀ọ̀kan, nítorí iṣẹ́ mìíràn a máa kú bí ó bá pẹ́: ìpè ìkómọjáde tí ó dé lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ẹni tí ìdì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè sọ ọ́ nù kí àká rẹ̀ lè gba òmíràn. Àní kàlẹ́ńdà ọjà pàápàá wà níbẹ̀. Bí a ti mọ ọjọ́ tí ọjà kọ̀ọ̀kan yóò ná, bẹ́ẹ̀ ni a mọ ìṣẹ́jú tí sátẹ́láìtì kan yóò yọ lókè Máàsì, nítorí àwọn ohun ojú ọ̀run kì í yẹ àdéhùn. Ní ilé iṣẹ́ Pasadena náà ni Scott Burleigh ti fi èyí ṣe ọgbọ́n: kọ̀ǹpútà yóò ka ìwé àdéhùn ìpàdé wọ̀nyí, yóò sì yan ẹni tí ó yẹ kí ó gbé ẹrù lé lọ́wọ́ àti ìgbà tí ó yẹ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nínú òfin ọdún 2007. Ẹni tí ó bá gba ìdì lè gba ẹ̀jẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, pé láti ìsinsìnyí lọ, ọrùn mi ni ó wà. Ẹni ìṣáájú lè wá gbàgbé rẹ̀. Àwọn tí wọ́n tún òfin náà kọ ní ọdún 2022 yọ ẹ̀jẹ́ yìí kúrò nínú ìwé òfin gangan, wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn àṣà mìíràn tí ń ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n lè ní ìdí wọn. Ó kàn ń dùn mí díẹ̀ ni.

Kí a má sì purọ́ fún ara wa: àwọn baba wa kò mọ nǹkan kan nípa Máàsì, àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí kò sì wá jí ọgbọ́n kankan ní Òkè-Ògùn. Ìṣòro kan náà ni ó bí ọgbọ́n kan náà.

Wọ́n ti dán an wò. Ní ọdún 2008, fún bí oṣù kan, NASA lo ọkọ̀ Deep Impact, èyí tí ó ti fi irin lu ìràwọ̀ onírù kan ní ọdún 2005, gẹ́gẹ́ bí ilé àgbàsọ. Ọkọ̀ náà wà ní nǹkan bí 32 mílíọ̀nù kìlómítà sí wa, ó ń gba àwòrán nínú ìdì, ó ń tọ́jú wọn, ó sì ń dá wọn padà ní àkókò tí a yàn. Ní ọdún kan náà ni ó kan ọmọ ìyá sátẹ́láìtì tiwa. Ẹ rántí pé ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan gbé NigeriaSat-1 gòkè láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà. Kò dá lọ. UK-DMC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà pẹ̀lú rẹ̀, ilé iṣẹ́ kan náà ní Surrey ni ó ṣe àwọn méjèèjì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe, yíya àwòrán ilẹ̀ nígbà àjálù. Irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ ń sáré. Kì í pé ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lókè ibùdó kan kí ó tó wọ̀, àwòrán ńlá kan sì lè má parí kí ó tó lọ. UK-DMC ni ó kọ́kọ́ fi àwòrán ránṣẹ́ láti òfuurufú pẹ̀lú àṣà ìdì ẹrù, nípa gígé e sí ọ̀nà tí ibùdó yóò fi rí apá kan gbà nísinsìnyí àti apá kejì nígbà tí ó bá tún yípo dé. Ní ọdún 2016, ilé gbígbé tí ó wà ní òfuurufú, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè pawọ́ pọ̀ kọ́, gba àṣà náà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, NASA gbé sátẹ́láìtì PACE gòkè láti máa wo òkun àti afẹ́fẹ́. Òun ni ó kọ́kọ́ fi àṣà yìí ṣe iṣẹ́ òòjọ́ nínú àwọn ọkọ̀ wọn, kì í tún ṣe fún ìdánwò.

Ìjà kò tíì parí láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé. Láti ọdún 2025, ẹgbẹ́ kan nínú àjọ tí ń kọ òfin íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wádìí bóyá IP fúnra rẹ̀ lè lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn. Wọ́n ní TCP ni ó ń kánjú, IP kò kánjú. Bí a bá kọ́ àwọn ẹ̀rọ ojú ọ̀nà láti máa tọ́jú ègé pamọ́, a lè má nílò àṣà tuntun. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n, pàápàá fún òṣùpá tí kò jìnnà. Ní tèmi, bí ó bá kọjá òṣùpá, ẹni tí ó ní àká ni n óò gbé ẹrù mi lé lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ní agbègbè wa yìí ni ọmọ kan ti jókòó fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kọ orúkọ, ó kọ àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó fi fọ́tò sí i. Nígbà tí ó kù kí ó tẹ ìkẹyìn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Nígbà tí ó padà, ojú ìwé ti ṣófo, owó ti jáde nínú káàdì, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ sì ti kù díẹ̀. Ọmọ náà kò ya ọ̀lẹ, kò ya òpè. Ẹni tí ó ṣe ojú ìwé náà ni ó gbà pé gbogbo ayé ń gbé nítòsí ọgbà rẹ̀. Bí ó bá ti ní àká nínú ni, ohun tí ọmọ kọ ì bá wà nínú fóònù rẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi ṣí. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ yín ni èyí wà. Àwa olùkọ́ kò lè ṣe é.

Ohun tí àwa lè ṣe nílé kéré sí i, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Àwọn ẹlòmíràn ti ṣe é. Ní Kenya ní ọdún 2004, àwọn ọ̀mọ̀wé láti Princeton so ẹ̀rọ mọ́ ọrùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà nínú igbó. Bí ẹranko méjì bá pàdé, ẹ̀rọ wọn a fún ara wọn ní ìròyìn tí wọ́n ní, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá rí ọ̀kan yóò gbọ́ nípa púpọ̀. Ní Íńdíà, ètò DakNet fi ẹ̀rọ sínú bọ́ọ̀sì tí ń kọjá ní abúlé, kí ó máa gba lẹ́tà kí ó sì máa já òmíràn sílẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn Wizzy Digital Courier fi USB kó lẹ́tà àti ojú ìwé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo ń bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kí ó ra kọ̀ǹpútà kékeré kan tí yóò jẹ́ àká fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa. Ètò Kiwix, tí a kì í sanwó fún, lè gbé gbogbo ìwé Wikipedia sí inú rẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá, àwọn ọmọ yóò sì máa kà á láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Ẹnìkan ti bi mí pé, ṣé oúnjẹ àná ni kí ọmọ wa máa jẹ nígbà tí ti Èkó ń jẹ gbígbóná, nígbà tí Starlink ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023? Kò burú kí a ní Starlink. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ń wọlé lóṣooṣù, iná a sì máa lọ. Bí a bá ní àká, òru kan lọ́sẹ̀ tó láti kún un; bí a kò bá ní, ọjọ́ tí owó bá tán ni ẹ̀kọ́ tán. Ẹ̀yin ará ìdálẹ̀ pẹ̀lú lè jẹ́ èrò ọjà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí fún wa. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ wálé fún ọdún, kí ó béèrè ohun tí àwọn olùkọ́ ń fẹ́, kí ó gbé e sínú díìsìkì kékeré, kí ó sì gba iṣẹ́ tí àwọn ọmọ bá kọ padà lọ fún ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Kò yẹ kí àká náà wà ní ọwọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, kí a má baà tì í mọ́ inú yàrá nígbà tí wọ́n bá gbé ọ̀gá náà lọ sí ibòmíràn. Mo dábàá pé kí olùkọ́ méjì àti ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ obìnrin máa tọ́jú rẹ̀. Iye owó kọ̀ǹpútà náà, ti pánẹ́ẹ̀lì oòrùn àti ti bátìrì, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ó wà lọ́wọ́ akápò, ẹni tí ó bá fẹ́ sì lè wò ó kí a tó jáde lónìí.